Dátábéèsì Inú Ètò àti Sáfà Ọ̀nà Jíjìn: Ìtàn Derby àti H2, pẹ̀lú Bí Wọ́n Ṣe Kan Àkọsílẹ̀ Ìlera ní Amuro

Ìfáàrà

Amuro jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbègbè tí ó para pọ̀ di Ìjọba Ìbílẹ̀ Mopa-Muro ní ilẹ̀ Okun, Ìpínlẹ̀ Kogi. Lára àwọn ìlú rẹ̀ ni Takete-Ide, Takete-Isao, Ilai, Orokere àti Ileteju. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ó wà ní Nàìjíríà, ìlànà kan náà ni ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ fún àkọsílẹ̀ ìlera níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera yóò kọ orúkọ aboyún, ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ẹni tí ibà ń ṣe sínú rẹ́jísítà. Nígbà tí oṣù bá parí, yóò ka iye wọn, yóò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù olóṣooṣù, fọ́ọ̀mù náà yóò sì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ tí ó ń bójú tó àkọsílẹ̀ yóò ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Níbi tí iye inú fọ́ọ̀mù ti di ohun inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ibùgbé rẹ́jísítà kò ṣòro láti mọ̀: inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ni. Ikán lè jẹ ẹ́, òjò lè pa á, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ mọ ibi tí ó wà, kò sì nílò iná mànàmáná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ó tó ṣí i. Bí iye inú rẹ̀ bá ti wọ kọ̀ǹpútà ńkọ́, níbo ni ó ń gbé? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà? Bí ètò tí ó ń pa á mọ́ bá sì gbó, ta ni yóò kó o jáde kí ó tó bàjẹ́ síbẹ̀?

Láàárín 1996 sí 2025, ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn dátábéèsì kéékèèké tí a fi èdè Java kọ kó ipa nínú ìyípadà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó lò wọ́n kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Bébà yìí yóò sọ ìtàn méjì nínú wọn, Derby àti H2, yóò sì tọpa ọ̀rọ̀ náà dé inú DHIS2 àti SORMAS, ètò méjì tí àkọsílẹ̀ ìlera Nàìjíríà ń gbà kọjá. Èrò tí ó dì mú ni pé ibi tí a kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ sí kọ́ ni ó ń sọ bóyá yóò pẹ́. Bí a ṣe ń gbé e láti ìtẹ̀jáde kan dé òmíràn ni ó ń sọ ọ́.

Ohun tí dátábéèsì inú ètò jẹ́

Dátábéèsì ni àká tí kọ̀ǹpútà ń kó ìsọfúnni sí ní ẹsẹẹsẹ, kí ó lè rọrùn láti wá, láti tún ṣe àti láti kà. Oríṣi méjì ni ó kan iṣẹ́ yìí. Nínú oríṣi kìíní, kọ̀ǹpútà kan wà níbì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípa ìsọfúnni mọ́. Sáfà ni a ń pè é. Àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn ń kàn sí i, wọ́n ń béèrè, ó ń dá wọn lóhùn. Oracle, MySQL àti PostgreSQL wà ní ìsọ̀rí yìí, wọ́n sì nílò ẹni tí ó mọ̀ wọ́n dáadáa tí yóò máa bójú tó wọn. Nínú oríṣi kejì, tí a óò máa pè ní dátábéèsì inú ètò, kò sí sáfà lọ́tọ̀, kò sì sí alábòójútó. Dátábéèsì náà jẹ́ ẹ̀yà ara ètò tí ènìyàn ń lò gan-an. Bí ètò bá ṣí, ó ṣí. Bí a bá pa ètò, ó kú pẹ̀lú rẹ̀.

Àgbẹ̀ tí ó kọ́ àká sẹ́yìnkùlé kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kí ó tó bu àgbàdo. Ẹni tí ó kó tirẹ̀ sí ilé ìkẹ́rù ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dúró de ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá ran àká ẹ̀yìnkùlé, kò sí èyí tí yóò ṣẹ́ kù.

Derby jẹ́ àpẹẹrẹ oríṣi kejì yìí. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mégábáìtì mẹ́ta àbọ̀ lọ, èyí tí ó kéré ju ọ̀pọ̀ orin tí ènìyàn ń gbé kiri lórí fóònù. Inú fódà kan ṣoṣo ni ó ń kó gbogbo ìsọfúnni sí. Nítorí pé Java ni a fi kọ ọ́, fódà tí a dá sórí Windows ṣeé gbé sórí Linux láìyí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Ó sì ní ìṣọ́ra tirẹ̀: kì í gbà kí ètò méjì ṣí fódà kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fáìlì kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ db.lck ni ó fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ọ́fíìsì kan bá ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ jọ lo àkọsílẹ̀ kan náà, ọ̀nà wà. A lè gbé sáfà Derby dìde, tí yóò máa gbọ́ ìbéèrè ní ojú-ọ̀nà 1527, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù yóò sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀, àká ẹ̀yìnkùlé lè di ilé ìkẹ́rù láìṣe pé a kó àgbàdo kúrò níbẹ̀.

Láti Cloudscape dé Derby

Ní 1996, nígbà tí èdè Java ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé etí ìgbọ́ àwọn ènìyàn, àwọn kan dá ilé iṣẹ́ Cloudscape sílẹ̀ ní Oakland, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni dátábéèsì tí a fi Java nìkan kọ, tí ó lè wọ inú ètò yòówù. Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ jáde ní 1997. Ní 1999, Informix, ilé iṣẹ́ dátábéèsì ńlá ìgbà náà, ra Cloudscape. Ní 2001, IBM ra ẹ̀ka dátábéèsì Informix, Cloudscape sì bá a lọ. Láàárín ọdún márùn-ún, ètò yìí ti ní olówó mẹ́ta.

Àwọn tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í sábà mọ̀ pé a ti tà á. Orúkọ lè yí padà lára páálí, kí ẹni tí ó ń lò ó má sì rí ìyàtọ̀ kankan, títí di ọjọ́ tí olówó tuntun bá pinnu pé èrè inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìtàn kọ̀ǹpútà kún fún ètò tí ó kú báyìí, tí gbogbo ohun tí a kó sínú rẹ̀ sì di òkú pẹ̀lú.

Ọ̀nà mìíràn ni IBM gbà. Ní oṣù kẹjọ 2004, ó fi kódù Cloudscape, tí ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ìlà, ta Apache Software Foundation lọ́rẹ. Àjọ yìí kì í ta ètò. Ó ń tọ́jú kódù tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti kà, láti lò àti láti tún ṣe. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti di Derby. Ní oṣù keje 2005, Derby kúrò ní ipò ẹ̀kọ́ṣẹ́ nínú àjọ náà. Sun Microsystems, tí ó ni Java, bẹ̀rẹ̀ sí fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ Java DB, nígbà tí ó sì di oṣù kejìlá 2006, ó ti wà nínú JDK 6, ìyẹn àkójọ irin-iṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò Java.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ni ó mú un dé Nàìjíríà láìsí ariwo. Ní àkókò yẹn, ilé íntánẹ́ẹ̀tì ń gba owó ní wákàtí wákàtí, kí ènìyàn tó fa ètò ńlá wọlé, owó yóò ti lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti rí JDK 6 gbà lórí CD ti ní dátábéèsì pẹ̀lú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ kún un.

Ẹbí kejì wá láti ọ̀dọ̀ Thomas Mueller, ẹni tí ó kọ Hypersonic SQL. Nígbà tí iṣẹ́ lórí ètò náà dúró, àwọn mìíràn gbà á ní 2001, wọ́n sì sọ ọ́ di HSQLDB. HSQLDB yìí ni OpenOffice.org 2.0, tí ó jáde ní 2005, fi sínú apá tí a ń pè ní Base. Mueller fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ìpìlẹ̀ ní 2004, ó sì gbé e jáde ní oṣù kejìlá 2005. Ó pè é ní H2, ìyẹn Hypersonic kejì.

Bí iná bá lọ

Ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ láìdágbére, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bi dátábéèsì kankan ni èyí: bí iná bá lọ nígbà tí òṣìṣẹ́ ń tẹ iye àwọn ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ wọlé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ìdáhùn Derby dára, ó sì tọ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Nínú fódà Derby, fódà kéékèèké méjì wà tí ó ṣe pàtàkì, seg0 àti log. Inú seg0 ni àwọn àtẹ ìsọfúnni ń gbé. Ṣùgbọ́n kí ìyípadà kankan tó dé ibẹ̀, Derby yóò ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú log pé: ohun báyìí ni mo fẹ́ ṣe. Bí òṣìṣẹ́ bá ti fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ pé ó parí, tí ohun tí a kọ sínú log sì ti dúró sórí dísíkì, kò sí ewu mọ́, àní bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí iná bá dé tí a tún ṣí ètò, Derby yóò ka log. Iṣẹ́ tí a ti fọwọ́ sí tí kò tíì dé inú àtẹ, yóò parí rẹ̀. Èyí tí a kò fọwọ́ sí, yóò pa á rẹ́ bí ẹni pé kò wáyé rí. Kò ní sí ìdajì ọmọ nínú àkọsílẹ̀.

Ìlànà yìí kì í ṣe ti Derby nìkan. Gbogbo dátábéèsì tí ó mọṣẹ́ ni ó ní irú rẹ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni kí ó wà nínú ètò tí kò ní alábòójútó, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ní orí tábìlì. Àléébù sì wà níbẹ̀. Ètò kan wà nínú Derby, derby.system.durability, tí a bá kọ ọ̀rọ̀ náà test síwájú rẹ̀, Derby kò ní dúró de dísíkì mọ́. Iṣẹ́ yóò yá, ṣùgbọ́n ààbò ti lọ. Fún ìdánwò nìkan ni a ṣe é. Bákan náà, ẹni tí ó bá da fódà kọ nígbà tí ètò ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lè kó apá kan tuntun àti apá kan àtijọ́. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ pa dátábéèsì náà, tàbí kí a lo àṣẹ SYSCS_BACKUP_DATABASE, tí Derby fúnra rẹ̀ pèsè.

Ọ̀rọ̀ pípa yìí ní ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí a bá pa dátábéèsì Derby ní ọ̀nà tí ó tọ́, ohun tí ó máa ń dá padà ni àmì àṣìṣe 08006, tàbí XJ015 bí ó bá jẹ́ gbogbo ètò ni a pa. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé nǹkan bàjẹ́. Ó jọ ẹni tí kì í mọ bí a ti ń dágbére àfi kí ó kígbe.

Ìsọdọ̀tun

Bí dátábéèsì bá tilẹ̀ la ìlọ iná já, ó ṣì ku ewu mìíràn tí ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kì í sì í dáríjì: ọjọ́ orí. Ètò tuntun ń jáde, ó ń mú ọ̀nà tuntun wá láti kó ìsọfúnni sí orí dísíkì. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ohun tí a kó ní ọ̀nà àtijọ́?

Àwọn tí ó ṣe Derby ronú sí i. Nígbà tí ìtẹ̀jáde tuntun bá ṣí fódà tí ìtẹ̀jáde àtijọ́ dá, kò ní fọwọ́ kan bí a ṣe tò ó. Yóò kàn máa lò ó bẹ́ẹ̀, yóò sì kọ̀ láti ṣe àwọn ohun tuntun tí fódà àtijọ́ kò lè gbà. Ìsọdọ̀tun ẹlẹ́rọ̀ ni a lè pe èyí. Bí ìtẹ̀jáde tuntun kò bá tẹ́ni lọ́rùn, a lè padà sí ti àtijọ́. Ìsọdọ̀tun pátápátá yàtọ̀. Ó nílò kí a kọ upgrade=true sí ibi tí a ti ń pe dátábéèsì náà, tí a bá sì ti ṣe é, kò sí àbọ̀ mọ́: ìtẹ̀jáde àtijọ́ kò ní lè ṣí fódà náà láé. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà ìpamọ́ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Derby kì í sì í gbà, bí a kò bá dìídì fún un láṣẹ, kí a sọ dátábéèsì di ti ìtẹ̀jáde tí kò tíì parí, nítorí pé kò sí ìlérí pé ọ̀nà yóò wà láti ibẹ̀ lọ síwájú.

Ọ̀nà tí H2 gbà kò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtẹ̀jáde tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 ni gbogbo ènìyàn ń lò, 1.4.200 sì jáde ní 2019. Nígbà tí 2.0 dé ní oṣù kọkànlá 2021, kò lè ka fáìlì ti àtijọ́ rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo H2 àtijọ́ láti tú gbogbo dátábéèsì rẹ̀ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àṣẹ SCRIPT, kí ó tó fi H2 tuntun kà á wọlé padà pẹ̀lú RUNSCRIPT. Ẹni tí ó mọ̀ yóò ṣe é ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Ẹni tí ètò rẹ̀ kàn sọ pé fáìlì bàjẹ́ lè rò pé àkọsílẹ̀ ti sọnù, kí ó sì pa á rẹ́.

Àwọn kan pinnu láti jókòó sí 1.4.200. Ní oṣù kìíní 2022, a kéde àlébù ààbò kan nínú ojú ewé ìṣàkóso H2, tí ó lè jẹ́ kí ẹni tí ó jìnnà mú kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí ó fẹ́ bí ojú ewé náà bá ṣí sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìtẹ̀jáde 2.0.206 ni àtúnṣe náà wà. Ààbò fúnra rẹ̀ ni ó wá lé wọn dìde lórí ìjókòó.

HSQLDB inú Base wà ní òdì kejì. Ìtẹ̀jáde 1.8 tí a fi sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni LibreOffice, tí ó jogún OpenOffice.org, ń gbé kiri títí di òní. A gbìyànjú láti fi Firebird rọ́pò rẹ̀ ní nǹkan bíi 2018, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yanjú. Ẹni tí ó kó ìsọfúnni sínú Base ní 2006 ṣì lè ṣí i. Kò yẹ kí a fi ojú ọ̀lẹ wo èyí. Nígbà mìíràn, àìyípadà gan-an ni àánú tí ètò lè ṣe fún ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e.

DHIS2: nígbà tí àká kúrò lẹ́yìnkùlé

Lẹ́yìn ìdìbò 1994 ní Gúúsù Áfíríkà, nígbà tí ìjọba tuntun ń tún ètò ìlera tí ìyapa ẹ̀yà ti bàjẹ́ ṣe, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a mọ̀ sí HISP. Wọ́n ṣe ètò kan fún àkọsílẹ̀ ìlera ẹkùn ìjọba, DHIS, tí wọ́n gbé ka orí Microsoft Access. Ẹ̀ka ètò yìí lò ní Nàìjíríà pẹ̀lú kí ti òní tó dé. Ó ń gbé orí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ a sì máa gbé fáìlì láti ìjọba ìbílẹ̀ lọ sí olú ìlú ìpínlẹ̀. Ní 2004, Yunifásítì Oslo ní Nọ́wè bẹ̀rẹ̀ sí tún un kọ pẹ̀lú Java. Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ DHIS2 jáde ní 2006, ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà sì ni a ti kọ́kọ́ lò ó.

Àwọn tí ó kọ DHIS2 kò so ó mọ́ dátábéèsì kan ṣoṣo. Ó lè jókòó lórí sáfà ńlá, ó sì lè jókòó lórí H2. Láti inú èyí ni DHIS2 Live ti jáde: àpò kan ṣoṣo tí ó ní sáfà ìkànnì Jetty àti dátábéèsì H2 nínú. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì yóò rí i tí ìkànnì ṣí lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí alábòójútó. Fún ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé dáadáa, ètò tí ó bá ilẹ̀ mu ni.

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Sierra Leone ni ó kọ́kọ́ gba DHIS2, ní 2008, kọ̀ǹpútà àwọn ẹkùn rẹ̀ ni ètò náà sì ń gbé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣòro rẹ̀ hàn kíákíá. Bí a bá tún ètò ṣe, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ lọ bá. Bí ẹkùn kan bá ń lo ìtẹ̀jáde àtijọ́, tí òmíràn ń lo tuntun, iye wọn kò ní bára mu nígbà tí a bá kó wọn jọ. Ìsọdọ̀tun, tí ó rọrùn lórí kọ̀ǹpútà kan, di ìrìn àjò.

Kenya yí ọ̀nà padà ní 2011: ó gbé DHIS2 kan ṣoṣo sórí sáfà, gbogbo ẹkùn sì ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀. Ghana tẹ̀ lé e ní 2012. Nàìjíríà sọ DHIS2 di ojúkò àkọsílẹ̀ ìlera orílẹ̀-èdè ní 2013. Láti ìgbà náà, iye tí ó ti Takete-Ide tàbí Orokere wá kì í gbé Mopa mọ́, bí kò ṣe lórí sáfà orílẹ̀-èdè. Nígbà tí a tún àwọn fọ́ọ̀mù olóṣooṣù ṣe ní 2019, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a yí ojú ewé inú sáfà padà, ó sì yí padà fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774. Bí àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà gbogbo wọn bá ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ọdún mélòó ni kì bá gbà?

Èrè yìí tóbi, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun kan sọnù. Lábẹ́ ètò àtijọ́, bí ọ̀nà láti Mopa sí Lokoja bá tilẹ̀ dí, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí ó sì ka iye aboyún Amuro fún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Lábẹ́ ètò tuntun, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, tàbí tí ẹ̀tọ́ ìwọlé rẹ̀ bá dópin, rẹ́jísítà inú kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ni ó kù. DHIS2 fúnra rẹ̀ fi H2 sílẹ̀ lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, PostgreSQL nìkan ni ó sì ń lò lónìí. Àká ẹ̀yìnkùlé ti kúrò nínú àwòrán ilé náà.

Ebola, SORMAS àti àká inú àpò

Ọdún kan lẹ́yìn náà, àjàkálẹ̀ àrùn fi ẹ̀gbẹ́ kejì hàn. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje 2014, àrùn Ebola wọ Èkó láti Liberia. Ogún ènìyàn ni ó mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn sì kú. Kí ó tó kásẹ̀ ńlẹ̀ ní oṣù kẹwàá, àwọn òṣìṣẹ́ ti tọpa ènìyàn 894 tí wọ́n ti súnmọ́ aláìsàn, wọ́n sì ṣe àbẹ̀wò tí ó tó 18,500 sí ojúlé wọn. Irú iṣẹ́ yìí kò ṣeé fi fọ́ọ̀mù olóṣooṣù ṣe. Ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà aláìsàn ni ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́, lójú ẹsẹ̀.

Láti inú ìrírí yìí ni SORMAS ti jáde. Àwọn onímọ̀ Nàìjíríà àti àwọn ti Jámánì, pàápàá ilé ìwádìí Helmholtz tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí àrùn tí ń ràn, ni wọ́n jọ ṣe é. A dán an wò ní Kano àti Ọ̀yọ́ ní 2015, a sì tún un kọ lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí ètò tí kódù rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2017, NCDC, àjọ tí ó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, lò ó fún àrùn mpox. Ní 2018, ó lò ó fún ibà Lassa, tí Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó dé. Nígbà àjàkálẹ̀ COVID-19, ètò náà gbilẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè.

Bí a bá wo inú SORMAS, a óò rí oríṣi dátábéèsì méjèèjì pọ̀. Ní àárín, Java ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà Payara, PostgreSQL sì ni àká rẹ̀. Ní ọwọ́ òṣìṣẹ́, fóònù Android ni, inú fóònù náà sì ni SQLite wà, dátábéèsì inú ètò tí D. Richard Hipp kọ́kọ́ gbé jáde ní 2000. Java kọ́ ni a fi kọ SQLite, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe: ó ń gbà kí òṣìṣẹ́ kọ àkọsílẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, kí ó tó fi ránṣẹ́ sí sáfà nígbà tí ó bá dé ibi tí ó wà. Àká tí DHIS2 gbé kúrò lẹ́yìnkùlé tún padà, inú àpò ni ó wà báyìí.

Síbẹ̀, kì í ṣe àká kan náà. Fódà H2 orí kọ̀ǹpútà ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ ibùgbé; SQLite inú fóònù jẹ́ ibùsọ̀. Bí fóònù bá sọnù kí ó tó fi ohun tí ó gbé ránṣẹ́, ohun náà ti lọ. Bí áàpù inú fóònù bá sì gbó ju ohun tí sáfà gbà lọ, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ dọ̀tun, èyí tí ó ń fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti owó dátà, kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹrù ìsọdọ̀tun tí a gbé kúrò lórí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ti bọ́ sí èjìká ẹni tí ó kéré jù nínú ètò náà.

Ìfẹ̀yìntì Derby

Oracle ra Sun ní oṣù kìíní 2010, Java DB sì bá a lọ. Nígbà tí JDK 9 jáde ní oṣù kẹsàn-án 2017, Java DB kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Àjọ Apache ṣì ń gbé Derby jáde, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ti dín kù. Ìtẹ̀jáde 10.14 ni ìkẹyìn tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Java 8, 10.16 béèrè Java 17, 10.17, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá 2023, béèrè Java 21.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan ọ́fíìsì tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti pẹ́. Pẹ̀lú 10.17 ni a kéde àlébù ààbò kan tí ó jẹ mọ́ bí Derby ṣe ń yẹ ẹni tí ó ń wọlé wò níbi tí a bá ti ń lo LDAP. Àwọn tí ó ní Java 21 kàn ní láti gba ìtẹ̀jáde tuntun. Àwọn tí ó wà lórí Java àtijọ́, ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n lọ kó kódù tí a ti tún ṣe, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ Derby láti inú rẹ̀. Fún akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Fún òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ tí ó jogún kọ̀ǹpútà láti ọwọ́ ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì, kò yàtọ̀ sí kí a sọ pé kò sí àtúnṣe. Ìsọdọ̀tun dátábéèsì ń fa ìsọdọ̀tun Java, ti Java ń fa ti Windows, ti Windows ń fa kọ̀ǹpútà tuntun, kọ̀ǹpútà tuntun sì ń dúró de ìsúná owó.

Ní oṣù kẹwàá 2025, àwọn olùtọ́jú Derby dìbò láti fi í sí ipò ìkàwé nìkan. Kódù rẹ̀ ṣì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n kò sí àtúnṣe mọ́, kò sì sí ìtẹ̀jáde tuntun. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó gbé láti ọjọ́ tí a ti dá Cloudscape sílẹ̀.

Fódà Derby tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà kan kò tíì kú nítorí èyí. Yóò ṣí lónìí, yóò ṣí lọ́la, níwọ̀n ìgbà tí Java tí ó bá a mu bá wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Irin-iṣẹ́ tí Derby fúnra rẹ̀ pèsè tó láti kó ohun inú rẹ̀ jáde: dblook yóò kọ ìlànà bí a ṣe tò àwọn àtẹ rẹ̀, àṣẹ SYSCS_EXPORT_TABLE, tí a lè pè láti inú ij, yóò sì tú àtẹ kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí a fi àmì ìdánudúró ya ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò nílò Derby mọ́. PostgreSQL yóò gbà á, LibreOffice yóò ṣí i, a sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí a fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́jísítà.